Pọ́ìǹtì Mẹ́jọ Kì í Ṣe Ilà Mẹ́jọ

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní Adátán, ní Abẹ́òkúta, gáàsì ìdáná tuntun dúró sí àárín ilé ìdáná, ó kọ̀, kò wọ àyè tí a fi sílẹ̀ fún un. Orí rẹ̀ kan igi lọ́tùn-ún, ó kan igi lósì. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó gbé e wá fẹ́ fi agbára tì í, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fa téèpù yọ, mo wọn ẹnu àyè náà: íǹṣì mẹ́tàlélógún àti ilà mẹ́jọ. Mo wọn gáàsì: íǹṣì mẹ́tàlélógún àti ilà mẹ́wàá. Ilà méjì péré. Bí ẹ bá gbé owó ẹyọ méjì léra, ìnípọn wọn kò ní jìnnà sí i.

Màmá tó ni ilé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. "Bàbá káfíńtà, ṣé kò níí wọlé ni?"

"Á wọlé, Mà. Ẹ ṣáà fún wa ní ìwọ̀nba àsìkò díẹ̀."

Ohùn mi balẹ̀, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwòrán tí wọ́n fún wa kò ní àbùkù. Ọmọ màmá tó wà ní Kánádà ló yà á, ó sì yà á dáadáa. Ó kọ 60.5 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu àyè gáàsì. Gáàsì fúnra rẹ̀ jẹ́ 60. Ọmọ náà ti fi ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ kí ọwọ́ lè rí àyè tì í wọlé. Níbo wá ni àyè yẹn gbà lọ?

Kí n tó padà dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Láfẹ́nwá, mo ti mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ló yí sẹ̀ǹtímítà padà sí íǹṣì lórí fóònù rẹ̀. Fóònù gbé 23.8189 jáde. Ó fi gègé pupa kọ 23.8 sára pákó, ó sì bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn. Àbúrò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ló wá wọn igi náà lọ́jọ́ kejì. Ó rí mẹ́tàlélógún, ó rí pọ́ìǹtì, ó rí mẹ́jọ. Ó na téèpù, ó ka íǹṣì mẹ́tàlélógún, ó ka ilà mẹ́jọ lé e, ó fàlà. Kò sí ọ̀lẹ nínú àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tó fi iṣẹ́ ṣeré. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n rò pé nọ́ńbà náà ń sọ.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń lu igi ní Abẹ́òkúta, mo sì ti rí àṣìṣe yìí ju bí mo ṣe lè kà á lọ. Mo ti rí i lára fèrèsé, mo ti rí i lára ilẹ̀kùn, mo ti rí i lára ibùsùn tí fóòmù kò wọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí ẹnì kan lè fi àkókò tí iná fi ń ho omi ẹ̀bà kọ́ ni, ó sì ń ba igi olówó iyebíye jẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ wo bí àmì kékeré yìí, pọ́ìǹtì, ṣe ń lò wá. Bí mo bá kọ ₦7.30, gbogbo yín mọ̀ pé náírà méje àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni, nínú ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ tó di náírà. Bí mo bá kọ ọ́ sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó pé ètò á bẹ̀rẹ̀ ní 7.30, kò sí ẹni tó máa ronú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Aago méje ààbọ̀ ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ọgọ́ta. Àmì kan náà, nọ́ńbà kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí a pín kò dọ́gba. Ọpọlọ wa ti gbà pé ohun yòówù tó bá wà lẹ́yìn pọ́ìǹtì, ẹyọ kékeré tó wà nínú ohun ńlá náà ni: kọ́bọ̀ nínú náírà, ìṣẹ́jú nínú wákàtí. Ẹyọ kékeré wo ló wà nínú íǹṣì lójú ẹni tó ń wo téèpù? Ilà ni. Ọmọ náà sì ka ilà. Mi ò lè bínú sí i nítorí ó ronú bí èèyàn ṣe ń ronú.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ ìṣirò kì í wo téèpù. Ìdámẹ́wàá ló mọ̀. 23.8 túmọ̀ sí pé kí a pín íǹṣì tó tẹ̀lé mẹ́tàlélógún sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí a mú mẹ́jọ nínú rẹ̀. Téèpù wa sì rèé, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ló pín íǹṣì sí. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá pọ̀ dáadáa, ó ku díẹ̀ kí ó pé. Mẹ́jọ nínú mẹ́rìndínlógún, ààbọ̀ lásán ni.

Bí a ṣe ń yí i padà nìyí. Ẹ fi odidi nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìǹtì nìkan ni kí ẹ mú, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rìndínlógún. Ti màmá wa: 0.8189 lọ́nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ 13.1. Ilà mẹ́tàlá nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ilà tó ṣẹ́kù kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà, ojú pẹ́ńsùlù nípọn jù ú lọ. 23.8 tí wọ́n kọ sára pákó pàápàá ì bá gbè wá: 0.8 lọ́nà mẹ́rìndínlógún jẹ́ 12.8, tó sún mọ́ mẹ́tàlá. Ilà mẹ́tàlá ni àyè náà yẹ kó ní. Gáàsì nílò mẹ́wàá, mẹ́ta á ṣẹ́kù fún ọwọ́. Mẹ́jọ la fún un.

Bí iye ilà bá ṣeé pín sí méjì, ẹ pín in títí kò fi ní ṣeé pín mọ́. Ilà mẹ́wàá nínú mẹ́rìndínlógún di márùn-ún nínú mẹ́jọ. Ilà méjìlá di mẹ́fà nínú mẹ́jọ, ó tún di mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mẹ́tàlá kò ṣeé pín, ó dúró bẹ́ẹ̀: 13/16.

Ẹlòmíràn á bi mí pé kí ló dé tí íǹṣì kò kúkú ní ilà mẹ́wàá kí gbogbo wa sinmi. Mo béèrè èyí lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Láfẹ́nwá, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọ̀gá mi kò kàwé lọ títí. Kò fi ẹnu dá mi lóhùn. Ó ya pépà lára àpò sìmẹ́ńtì, ó gé e kí ó gùn tó ìbú pákó tó wà níwájú wa, ó ní, "Ká a sí méjì." Mo ká a. Etí pàdé etí, mo fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ṣẹ́. "Tún un ká." Ìdámẹ́rin. "Tún un ká." Ìdámẹ́jọ. Nígbà tí mo ká a lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti ń le lábẹ́ ìka mi. Mo tú u sílẹ̀ lórí pákó, ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ tò gbọọrọ lára pépà, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn dọ́gba, láìsí téèpù, láìsí nọ́ńbà kankan. Ọ̀gá wá gbé pépà mìíràn fún mi, ó ní, "Ó yá, ká ìyẹn sí mẹ́wàá." Títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí i ká.

Mo ṣì ń gbọ́ òórùn sìmẹ́ńtì lára pépà yẹn. Ọ̀nà méjì ni ọwọ́ àti ojú mọ̀ ọ́n pín nǹkan sí. Bí wọ́n bá fún yín ní iṣu kan kí ẹ pín in láàárín ọmọ méjì, ẹ ò nílò ìwọ̀n. Ọmọ mẹ́rin, ẹ tún gé e. Ọmọ mẹ́wàá, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara yín. Ìdámẹ́wàá jẹ́ ti ìṣirò: owó la fi ń kà, orí ìwé la ti ń yọ ọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ fi íǹṣì ṣiṣẹ́ fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni, wọ́n sì fi ohun tí ọwọ́ lè ṣe sílẹ̀ lára téèpù fún wa: ààbọ̀, ìdámẹ́rin, ìdámẹ́jọ, ìdá mẹ́rìndínlógún. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ irin, ó ń lọ sí méjìlélọ́gbọ̀n àti mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Èmi kò dé ibẹ̀. Ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta íǹṣì kò tó ààbọ̀ mílímítà, bẹ́ẹ̀ eyín ayùn mi nìkan ń jẹ bíi mílímítà mẹ́ta nínú igi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi tún sọ nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ mìíràn tó jẹ́ kí ó yé mi pé irú wàhálà yìí ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo orílẹ̀-èdè yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣílè ni wọ́n ń ná nígbà tó wà lọ́mọdé, pẹ́nì méjìlá sì ló wà nínú ṣílè kan. Sísì jẹ́ pẹ́nì mẹ́fà, ààbọ̀ ṣílè. Tọ́rọ́ jẹ́ pẹ́nì mẹ́ta, ààbọ̀ sísì. Ìpín sí méjì náà ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ wọlé dé, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀. Sísì ríbi dúró sí, ó di kọ́bọ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n tọ́rọ́? Kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀. Kò sí ẹyọ owó kan ṣoṣo tó jẹ́ iye yẹn. Ọ̀gá ní ìyá òun tó ń ta àkàrà ní láti tún iye àkàrà rò látìbẹ̀rẹ̀, torí tọ́rọ́ àwọn ọmọ iléèwé kò bá iye tuntun mu mọ́. Mo máa ń rántí ìyá náà bí mo bá rí 0.125 lórí fóònù. Ìdámẹ́jọ ni, ohun tó rọrùn jù lọ láti ká, ṣùgbọ́n lédè ìdámẹ́wàá ó di nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn pọ́ìǹtì.

Íǹṣì òní fúnra rẹ̀ ti di ọmọ ilé mílímítà. Láti ọdún 1959 ni orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, ti fẹnu kò pé íǹṣì kan jẹ́ 25.4 mílímítà géérégé, kò lé, kò dín. Ṣáájú ìgbà yẹn, ti Amẹ́ríkà gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí. Nítorí náà, bí oníbàárà bá fún wa ní mílímítà, 25.4 la ó fi pín in. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà, 2.54. Lẹ́yìn náà ni mẹ́rìndínlógún ń wọlé.

Mo kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Adátán. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà tí kò ní ara kọ́ ọ, mo wá ohun tí wọ́n mọ̀. Ìlú wa ní ojú irin oríṣi méjì. Ti àtijọ́ gba Láfẹ́nwá kọjá, a ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù. Ti tuntun, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 láti Èkó dé Ìbàdàn, dúró ní Laderin, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Mo kọ ìbú méjèèjì sára pákó: 1067 mílímítà àti 1435 mílímítà. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di íǹṣì tí téèpù mọ̀.

Èyí àbúrò ló kọ́kọ́ parí ti Láfẹ́nwá. 1067, ó pín in sí 25.4, ó rí 42.008. Ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìǹtì kò tó ilà kan. Íǹṣì méjìlélógójì, ìyẹn fíìtì mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà. Ó wo ojú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí àwọn tó la irin náà sílẹ̀ láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ti Laderin gba àkókò: 1435 jẹ́ 56.496. Ó mú 0.496, ó sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rìndínlógún, ó rí 7.94. Ilà mẹ́jọ. Ààbọ̀. Fíìtì mẹ́rin, íǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀. Mo wá sọ fún wọn pé George Stephenson, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló lo ìbú yìí nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pé fíìtì mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá fi ààbọ̀ íǹṣì kún un kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè ráyè yí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, bíi ti gáàsì màmá." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ààbọ̀ íǹṣì tí ẹnì kan fi sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ṣì wà nílẹ̀ ní Laderin lónìí, ó fara pamọ́ sínú nọ́ńbà mílímítà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa káfíńtà nìkan, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ó ń jẹ wá lówó. Pákó tí a fi ń ṣe kábíńẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo wa ń pè ní "tirí-kọ́tà" lọ́jà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì kọ́. Mílímítà méjìdínlógún ni wọ́n ṣe é. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ 19.05. Kábíńẹ́ẹ̀tì kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹni tó bá fi tirí-kọ́tà ṣe ìṣirò ti ṣìnà ní mílímítà méjì àti díẹ̀ lára kábíńẹ́ẹ̀tì kan. Bí ó bá to mẹ́fà lára ògiri, ààbọ̀ íǹṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Á wá máa wá ẹni tó jí ààbọ̀ íǹṣì gbé. Ẹ wọn pákó yín fúnra yín, ẹ má gba orúkọ rẹ̀ gbọ́.

Aṣọ rọ̀ ju igi lọ, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Ìyàwó mi máa ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú fún àwọn tó wà lókè òkun. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń tà á níbẹ̀, íǹṣì mẹ́rìndínlógójì sì ni ọ̀pá kan. Ẹni tó bá béèrè mítà márùn-ún, tí a fún un ní ọ̀pá márùn-ún, ti pàdánù íǹṣì mẹ́rìndínlógún ó lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ ọ̀pá. Apá aṣọ kan ti lọ. Níbẹ̀, ilà kan tàbí méjì kò já mọ́ nǹkan kan, odidi ni kí ẹ ṣọ́.

Ohun tó kù ni ibi tí ìṣirò dákẹ́, tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á dá ẹjọ́. Bí ìdáhùn bá bọ́ sáàárín ilà méjì, èwo ni ká mú? Nínú ìwé iléèwé, tó bá tó ààbọ̀, ẹ gbé e sókè, tí kò bá tó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, mo máa ń béèrè ohun tí nọ́ńbà náà wà fún. Bó bá jẹ́ ẹnu ihò tí nǹkan máa wọ̀, mo máa ń gbé e sókè. Bó bá jẹ́ ohun tó máa wọ inú ihò, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè bá yín mọ èyí, nítorí kò mọ̀ bóyá ihò lẹ ń gbẹ́ àbí ohun tó ń lọ sínú rẹ̀.

Ti màmá Adátán, a tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn náà. Kábíńẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ọ̀tún ní pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi dí àlàfo láàárín òun àti ògiri. A tú ìdè rẹ̀, a gé ilà márùn-ún lára pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà, a sún gbogbo rẹ̀ lọ sára ògiri, a sì tún un dè. Gáàsì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Màmá fún àwọn ọmọ ní omi tútù, ó sì bi mí pé kí ló ṣe é. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un lórí ẹ̀yìn ìwé àwòrán náà, tíṣà sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó kà á, ó ní òun fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìdámẹ́jọ láìfi téèpù hàn wọ́n rí.

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa báyìí, ilà mẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀ tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ, nọ́ńbà ẹ̀rọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: 0.0625, 0.125, 0.1875, títí dé 1. Èyí àbúrò ló kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ kan dé láti Pańṣẹ́kẹ́, 55 sẹ̀ǹtímítà wà lára rẹ̀. Mo ń fi oje lẹ igi lẹ́yìn, mo gbọ́ tó ń ṣírò ọ́ sókè. 21.6535. Ó sọ èyí tó wà lẹ́yìn di púpọ̀, ó rí 10.46. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

"Ọ̀gá, íǹṣì mọ́kànlélógún, ilà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ààbọ̀ ilà. Ṣé ihò ni, àbí ohun tó máa wọ ihò?"

"Ohun tó máa wọ ihò ni."

Ó kọ mẹ́wàá.